Lẹ́tà Tí Mo Fi Bẹ̀bẹ̀

Mo mọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ í kọ. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn ìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba n'Ìbàdàn, ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ wa rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kuẹ́rì. Ọ̀gá á kọ̀wé sí ọ pé kí o wá ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi ní fìyà jẹ ọ́, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fún ọ. Nígbà tí mo gba àkọ́kọ́, inú bí mi. Mo jókòó, mo kọ àlàyé ojú ìwé méjì: dókítà ló pẹ́ dé, kì í ṣe èmi, oògùn náà ò sí nílé oògùn, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ wò. Mátírọ́ọ̀nù wa àgbà kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á ya lójú mi. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ bá ìjọba ṣẹjọ́ ni. Wọ́n wá ń pe ọ̀rọ̀ fún mi, mo ń kọ ọ́: mo gbà pé mo ṣàṣìṣe, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ àforíjì, ẹ fojú àánú wò mí, irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè ohunkóhun. Ẹni tó kọ ìwé sí mi gan-an mọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: o kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ọkàn ọ̀gá á rọ̀, lẹ́yìn náà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣì kù nílẹ̀, o lè wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ bó ṣe jẹ́. Ẹni tó bá fi àlàyé ṣíwájú ẹ̀bẹ̀, àwíjàre ló ń wí, a ò sì kọ́ ọ re nílé. Èmi àti àṣà yìí la jọ wọ bàálù wá sí Toronto. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi ní ibodè pé kí n gbé e kalẹ̀.

Ilé àwọn arúgbó kan ní Mississauga ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o. Olùtọ́jú ni mí: mò ń wẹ àwọn arúgbó, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn. Ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì mi ni mò ń dúró dè. Mo ti ṣe ìdánwò, mo ti yege, mo ti fi ìwé ránṣẹ́ títí ó fi sú mi. Ohun tó kù ni fọ́ọ̀mù ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ti ń bi ọ́ bóyá ibi iṣẹ́ kankan ti dá ọ lẹ́bi rí pé o kò bìkítà fún ẹni tó wà nítọ̀ọ́jú rẹ. Mo ti rí ìbéèrè yẹn tipẹ́. Mi ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi? Àìbìkítà? Ẹni tó mọ̀ mí á rẹ́rìn-ín.

Láàárín àwọn mẹ́jọ tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú mi, ìyá kan wà, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà láàárín ìlú. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ, bí gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ṣe ń ṣe. Mo ní kò ṣeé ṣe. Obìnrin tó ju ìyá tó bí mi lọ, kí n wá máa gbé orúkọ rẹ̀ sọ sókè bí ìgbà tí mò ń pe ẹgbẹ́ mi? Màmá ni mò ń pè wọ́n. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní àwọn kọ́ ni ìyá mi. Mo ní mo mọ̀. Mo ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, nígbà tó yá ó mọ́ wọn lára.

Láràárọ̀, bí mo bá ti ń fi kànrìnkàn nu ẹ̀yìn Màmá, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ òfin kan jáde, wọ́n á ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀kan rí. Wọ́n kọ́ mi ní "without prejudice", tí lọ́yà máa ń kọ sórí lẹ́tà: ohun tí mo bá sọ níhìn-ín nítorí àtiparí ìjà, o kò gbọdọ̀ mú un lọ síwájú adájọ́ láti fi bá mi jà. Wọ́n kọ́ mi ní "hearsay", ìyẹn àgbọ́sọ, ohun tí o kò fojú rí tí o wá ń jẹ́rìí sí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wá, "coverture". Wọ́n ní láyé ọjọ́un, lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, bí obìnrin bá ti lọ́kọ, òfin ò rí i mọ́, ọkọ rẹ̀ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ní di ti ọkọ. Kò lè pẹjọ́, kò lè fọwọ́ síwèé. Mo gbé kànrìnkàn sílẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin wọ̀nyí lẹ wá sọ fún wa pé a ò lajú? Ìyá ìyá mi ń ta aṣọ, ìsọ̀ tiwọn ni, èrè tiwọn ni. Ọjọ́ tí ọkọ wọn fọwọ́ kan ẹrù wọn láìgbàṣẹ, gbogbo agboolé ló gbọ́ ọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n máa ń bi mí ní ti Yorùbá náà. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá dúró fún ẹlòmíràn níwájú adájọ́, onídùúró là ń pè é. Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n ní ó sàn ju bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é lọ, nítorí pé èèyàn lè fojú rí ẹni tó ń dúró.

Kẹ̀kẹ́ tí Màmá fi ń jókòó kiri ní àléébù. Bíréèkì ọ̀tún kì í di táyà mú dáadáa. Ìwé àtúnṣe kan wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ la ti ń kọ ohunkóhun tó bá bàjẹ́ kí wọ́n lè wá tún un ṣe. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo bèèrè kẹ̀kẹ́ mìíràn, wọ́n ní kò sí. Mo tún kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fàlà sí i nídìí. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mò ń gbé Màmá láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti tẹ bíréèkì méjèèjì, mo tún fi ẹsẹ̀ ti táyà ọ̀tún. Bí ìdí wọn ṣe kan àga báyìí, kẹ̀kẹ́ yí. Mo dì wọ́n mú, orí wọn ò kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi gbá ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ọrùn ọwọ́ wọn dá.

Ọmọ wọn ọkùnrin wakọ̀ dé láti Oakville kí wọ́n tó gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó forí jì mí, lójú mi ni ìyá rẹ̀ ti ṣubú. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tó máa ṣe. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ní kí n dìde, kí n jọ̀ọ́ kí n dìde. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ń ṣàkóso ilé náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fún mi níwèé. Kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti ara mi, kí n dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo mú un lọ sílé ní Weston, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Àjà kẹrìnlá ni Àǹtí ń gbé, nínú ilé gíga kan tí ẹ́lífétọ̀ rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Ogún ọdún ni Àǹtí ti lò nílẹ̀ yìí, nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹrù ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n ní kuẹ́rì ni. Èmi náà ní kuẹ́rì ni. Àwa méjèèjì jókòó sídìí tábìlì nílé ìdáná, a sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dá kuẹ́rì lóhùn.

Mo fẹ́ dárúkọ bíréèkì. Àǹtí ní rárá. Wọ́n ní bí mo bá ti dárúkọ bíréèkì, ọ̀gá á ní òun ni mò ń tọ́ka sí, ẹ̀bẹ̀ á sì di ìjà. A kì í dákẹ́ ká ṣìwí, wọ́n ní. Mo gbà, nítorí ohun tí èmi náà mọ̀ nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé mo gbà pé ẹ̀bi mi ni, pé ó dùn mí dọ́kàn, pé kí wọ́n ṣàánú mi, pé irú rẹ̀ ò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Mo tún un kà. Kí n má purọ́, ó wú mi lórí. Lẹ́tà náà dára. Mátírọ́ọ̀nù mi ìbá yìn mí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá pè mí. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ti fi yẹ́lò kun ìlà kan níbẹ̀, ìlà tí mo ti ní ẹ̀bi mi ni. Ó ní òun dúpẹ́ pé mo sọ òtítọ́, ó ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ ìwádìí. Ó ní òun ò fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé kan, kí n jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n padà wá. Ìwé náà kò gùn. Ọ̀rọ̀ náà "admission", ìyẹn ìjẹ́wọ́, wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, "negligence", ìyẹn àìbìkítà, wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo kà wọ́n. Ó ní inú fáìlì lásán ló ń lọ. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Títí di ìgbà náà, kí n máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, mi ò sì gbọdọ̀ wọ yàrá Màmá.

Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì bí ẹni tó lọ ilé ìwé ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe wúwo tó. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì mi sọ sí mi lọ́kàn. Ṣé ibi iṣẹ́ kankan ti dá ọ lẹ́bi àìbìkítà rí? Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn mi. Ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi ìwé ránṣẹ́, ìdánwò, ọdún mọ́kànlá n'Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ á wọ inú bẹ́ẹ̀ ni yẹn.

Mo sọ fún Àǹtí pé mi ò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n ń gé ilá lọ́wọ́, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé wọn ò lé mi. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ta ni mo mọ̀ nílẹ̀ yìí? Kí n fọwọ́ sí i, kí n tẹríba, tí mo bá di nọ́ọ̀sì tán, mo lè máa gbé orí sókè.

"Àǹtí, ẹ má bínú," mo ní, "ìwé yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kí n di nọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ sí ohun tí mi ò ṣe. Ó tó."

Wọ́n bi mí bóyá èmi nìkan ni mo gbọ́n ni. Inú ń bí mi, ó ń bí mi gidi, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí: ọ̀gá ni, Àǹtí ni, àbí èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, tó tún wú mi lórí.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wọ yàrá Màmá. Mo wọ̀ ọ́. Ọjọ́rú ni, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán mi, mo gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ. Wọ́n ti dá Màmá padà láti ọsibítù, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti fi símẹ́ńtì di ọwọ́ ọ̀tún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ò rí ojú mi níbẹ̀ yẹn. Wọ́n bá mi ṣeré pé láyé àtijọ́, ká ní àwọn kú ni, kẹ̀kẹ́ ni wọn ì bá gbá mú. Wọ́n ní "deodand" ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: kẹ̀kẹ́ ẹrù tó bá pa èèyàn, ẹṣin tó bá tẹ èèyàn pa, ẹ̀bi wà lọ́rùn nǹkan náà fúnra rẹ̀, ọba á sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fa ìwé ọ̀gá jáde pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà mi, mo tẹ́ wọn sórí itan Màmá.

Wọ́n fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi kà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Wọ́n ka lẹ́tà mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o gbàgbé láti tẹ bíréèkì ni?"

"Rárá, Màmá. Mo tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí o fi wá kọ ọ́ pé ẹ̀bi rẹ ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ohun burúkú kì í ṣẹlẹ̀ lójú èèyàn kó dúró gbọnrangandan kó máa rojọ́. O máa bẹ ẹni tó fara pa, o máa bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀, o máa bẹ ọ̀gá. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ tìrẹ tàbí kò jẹ́ tìrẹ, ìyẹn di ẹ̀yìn. Màmá bú èébú kan tí mi ò rò pé akọ̀wé lọ́yà máa ń bú.

Kì í ṣe èmi ni wọ́n bú. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ mi lójú ìwẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ọ́ ni iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, òun ló máa wá ẹ̀rí kiri. "Admission" ni pé ìwọ alára bá a wá a, o gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ti "negligence", wọ́n ní kì í ṣe pé ohun burúkú ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohun tó yẹ kí o ṣe wà, o kò ṣe é, àìṣe rẹ ló sì fa ìpalára. Wọ́n wá bi mí: kí ló yẹ kí o ṣe tí o kò ṣe? Mo ronú. Mo tẹ bíréèkì. Mo fẹsẹ̀ ti táyà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Mo bèèrè kẹ̀kẹ́ mìíràn. Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

"Àwọn aláṣẹ ilé yìí ńkọ́?" ni Màmá wí.

Kí n tó dìde, wọ́n sọ ohun kan tó mú mi jókòó padà. Wọ́n ní òfin kan wà ní Ontario níhìn-ín, lórí ìtọrọ àforíjì nìkan, ó dé nígbà tí àwọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá rántí dáadáa, ẹni tó bá tọrọ àforíjì kò tíì dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àmọ́ kí n má gba ti àwọn gbọ́, kí n lọ fojú ara mi kà á, nítorí àgbọ́sọ ni tàwọn.

Láti ibi iṣẹ́, mi ò dúró níbì kankan, ilé ìkàwé ní Weston ni mo já sí. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ bá mi wá a, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Òfin náà kò ju ojú ìwé méjì lọ. Mo dúró kà á láàárín àwọn àga. Ó ní ìtọrọ àforíjì ni ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe yòówù tí èèyàn bá fi hàn pé ó dun òun, ì báà gba ẹ̀bi, ì báà má gba ẹ̀bi. A kò gbọdọ̀ kà á sí ìjẹ́wọ́. Yàtọ̀ sí ẹjọ́ ọ̀daràn àti irú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú un wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹ̀bi, ì báà ṣe níwájú adájọ́, ì báà ṣe níwájú ẹni tó ń parí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe! Ìkúnlẹ̀ mi wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà ò mọ̀ mí, wọn ò mọ Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún orúnkún mi. Omi bọ́ lójú mi. Mo nù ún, mo ní kí obìnrin náà bá mi tẹ ẹ̀dà kan sí i.

Mo pe yúníọ̀nù wa, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, lórí fóònù. Obìnrin tó ń ṣojú wa níbẹ̀ tẹ́tí sí mi, ó ní òótọ́ ni, bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ẹni tó máa parí rẹ̀, wọn ò lè fi lẹ́tà náà dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó bi mí ohun tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ ìwé àtúnṣe fún un. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa mẹ́ta la wà ní ọ́fíìsì: ọ̀gá, obìnrin yúníọ̀nù, àti èmi. Ọ̀gá na bírò sí mi. Mo ní mi ò gbà á. Ó ní mo ti jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ ìlà tó fi yẹ́lò kùn. Mo gbé òfin lé e lórí.

"Mo bẹ̀bẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀," mo ní. "Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í wo ìyá arúgbó nílẹ̀ ká máa wá ẹni tí ẹ̀bi jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yín fúnra rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, ẹ wá ẹ̀rí mìíràn."

Obìnrin yúníọ̀nù wá ní kí wọ́n mú ìwé àtúnṣe wá. Ọ̀gá ní kò pọn dandan. Obìnrin náà ní ó pọn dandan. Ọ̀gá jáde lọ, ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó mú un dé, obìnrin yúníọ̀nù ṣí i láwẹ́láwẹ́. Ó rí àkọ́kọ́, ó rí ìkejì tí mo fàlà sí nídìí. Níbi tó yẹ kí ẹni tó tún un ṣe fọwọ́ sí, òfìfo ni.

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òun ti fa ẹ̀sùn náà sẹ́yìn, kò ní sí nínú fáìlì mi, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tuntun kan. Mo kà á. Lóòótọ́, ó fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ó tún kọ ọ́ pé láti ìsinsìnyí lọ, mi ò gbọdọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ arúgbó kankan tàbí ẹbí rẹ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ó ní ìkúnlẹ̀ mi dójú ti ilé náà. Obìnrin yúníọ̀nù fẹsẹ̀ kàn mí lábẹ́ tábìlì. Mo mọ ohun tó ń sọ: ohun tí o wá wá ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, fọwọ́ sí i, jẹ́ ká máa lọ. Òótọ́ ló ń sọ. Pẹ̀lú ìwé yẹn, mo lè kọ rárá sórí fọ́ọ̀mù mi kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo gbé bírò. Mo gbé e sílẹ̀. Mo ní ta ló ti bẹ Màmá nínú ilé yìí?

Ọ̀gá ní àwọn lọ́yà ilé náà ti kìlọ̀ fún àwọn, pé ẹni tó bá tọrọ àforíjì ti gba ẹ̀bi. Ẹ gbọ́ o! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ń fi ọwọ́ òsì jẹun, kò sì sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún un pé ẹ pẹ̀lẹ́, nítorí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ kan ń bà wọ́n. Mo ti òfin náà sí iwájú rẹ̀, mo fi ìka tẹ ibẹ̀.

"Ó bo ẹ̀yin náà," mo ní. "Ẹ kà á. Mi ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi lọ bẹ̀ wọ́n."

Ìwé-àṣẹ mi wà lọ́wọ́ obìnrin yìí, mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n, obìnrin yúníọ̀nù náà mọ̀ ọ́n, nítorí bó ṣe ń wò mí, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni mo jẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá ka òfin náà. Ó kà á tán, ó tún padà sókè, ó kà á. Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ la ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn já, ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó tì í sí mi. Mo fọwọ́ sí i, mo ká a sápò. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. A gòkè lọ.

Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá dúró níwájú wọn, ó da ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní òun wá tọrọ àforíjì fún ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá wò ó.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" wọ́n ní.

Ọ̀gá yíjú sí mi. Mo ń wo fèrèsé. Mi ò bá a sọ ọ́.

"Bíréèkì ni," ó ní. "Wọ́n sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. A ò tún un ṣe."